Èkó Ní Onílẹ̀, Àbújá Náà Ní Onílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè korò lẹ́nu àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ kì í sábà dùn. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń bí ọmọ Yorùbá nínú. Gbólóhùn náà ni pé Èkó jẹ́ ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́ lọ́jà, nílé ọtí tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíá ni a ó dìde. A ó ka orúkọ àwọn ìjòyè Ìdẹjọ fún un, láti orí Olúmẹgbọ́n dé orí Olótò, Ojora àti Elégùṣì. A ó bi í pé ta ni ó sọ Ìdúmọ̀tà ní Ìdúmọ̀tà, ta ni ó sì sọ Ìsàlẹ̀ Èkó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A jàre. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì wà, ẹnu àwa náà ni ó sì ti ń jáde. Gbólóhùn ọ̀hún ni pé Àbújá kò ní onílẹ̀, gbogbo wa la ni ín. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó fi ìbínú sọ láàárọ̀ pé Èkó ní onílẹ̀ lè sọ ti Àbújá nírọ̀lẹ́ láìṣẹ́jú. Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí gbólóhùn náà bá jẹ́ irọ́ ní Èkó, irọ́ ni ní Àbújá pẹ̀lú, àwa tí a sì mọ bí ó ti ń dunni tó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ ọ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Bí gírámà ṣe pa ènìyàn rẹ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba ológun Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí bóyá ó yẹ kí Èkó máa jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà lọ. Èkó ti há nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, òkun àti ọ̀sà sì yí i ká. Adájọ́ Akínọlá Aguda ni alága ìgbìmọ̀ náà. Táí Ṣólàrín sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti jábọ̀ pé kí a gbé olú-ìlú lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, Murtala kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, òfin ológun kẹfà ti ọdún náà ni ó sì dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bíi 8,000 kìlómítà níbùú lóòró. Ó ju ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ara ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti gé e: Niger, Plateau àti Kwara. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìkéde náà ni wọ́n pa Murtala. Ọbásanjọ́ ni ó bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991, ìjọba Babangida kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ ni pé kò sí lábẹ́ àṣẹ ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀yà ńlá ilẹ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa, nítorí iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni láti wo ohun tí ọ̀rọ̀ sọ àti ohun tí ọ̀rọ̀ fi pamọ́. "Kò sí lábẹ́ ẹ̀yà ńlá kankan" kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ kéré níye. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà ń já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ńlá" kọ́kọ́ bọ́, ó ku "kò sí lábẹ́ ẹ̀yà kankan". Lẹ́yìn èyí, "ẹ̀yà kankan" di "ẹnikẹ́ni". Nígbà tí yóò fi dé ẹnu tiwa, ó ti di ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Báyìí ni a ṣe fi gírámà pa ènìyàn rẹ́. A kò yọ idà, a kò yìnbọn. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan ṣoṣo ni a yọ kúrò.

Àwọn wo ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà? Àwọn Gbagyi ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn tí Haúsá ń pè ní Gwari. Àwọn Koro wà níbẹ̀, Gade wà níbẹ̀, Bassa àti Gwandara náà wà níbẹ̀. Garki, Wuse àti Maitama tí a mọ̀ lónìí gẹ́gẹ́ bí àdúgbò àwọn ọlọ́lá àti ọ́fíìsì ìjọba, abúlé ni wọ́n kí olú-ìlú tó dé. Wọ́n ní baálé, wọ́n ní oko, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń sin òkú wọn sí. Èrò ìjọba níbẹ̀rẹ̀ ni pé kí a kó gbogbo wọn kúrò. Nígbà tí ìjọba rí i pé owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù, ó yí èrò náà padà: àwọn tí ibi tí wọ́n wà bọ́ sínú ìlú tuntun yóò kó lọ, àwọn tí ó kù lè dúró. Bí a ṣe kó àwọn kan lọ sí Kubwa nìyẹn, tí a sì kó àwọn mìíràn jáde kúrò ní Agbègbè Olú-Ìlú pátápátá. Ìlú kan wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí tí ń jẹ́ Sabon Wuse. "Sabon" ni "tuntun" ní èdè Haúsá. Ẹ bi ara yín léèrè: bí Wuse Tuntun bá wà níbòmíràn, àwọn wo ni wọ́n kó kúrò ní Wuse àtijọ́?

Orúkọ olú-ìlú náà pàápàá, a yá a ni. Àbújá jẹ́ orúkọ ìlú kan tí àwọn ọba Haúsá tí wọ́n kúrò ní Zaria nígbà ogun jìháàdì tẹ̀ dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba gba orúkọ náà fún olú-ìlú, ìlú àtijọ́ sì di Suleja, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger títí dòní. Ilẹ̀ Gbagyi ni a gbà, orúkọ tí a sì fi sórí rẹ̀ kì í ṣe ti Gbagyi.

Ẹ̀rí tí ó wà lápò yín

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyè méjì, kí ó ki ọwọ́ bọ àpò kí ó mú ogún náírà jáde. Murtala Mohammed, ẹni tí ó kéde olú-ìlú tuntun, ni ó wà níwájú owó náà. Ẹ yí i sẹ́yìn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀, Gbagyi ni, abúlé Kwali ni wọ́n sì ti bí i ní nǹkan bíi ọdún 1925. Ní àwọn ọdún 1950 ni ó lọ bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Lọ́ńdọ̀nù kí òfin ọdún 1976 tó jáde rárá. Kwali tí wọ́n ti bí i, inú Agbègbè Olú-Ìlú ni ó wà. Ọ̀kan nínú àwọn kánsù mẹ́fà tí ó wà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó pàṣẹ gba ilẹ̀ wà níwájú owó, ọmọ onílẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. A ń ná an lójoojúmọ́, a sì tún ń sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ilé ìwé. Ní ọdún 1970, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé gírámà èdè Gwari jáde, èyí tí Larry Hyman àti Daniel Magaji jọ kọ. Ọdún mẹ́fà gbáko kí òfin olú-ìlú tó jáde nìyẹn. Nínú ìlú Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti kàwé, ni ìwé náà ti jáde. Ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn kò lè ní èdè, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí kò ní èdè kò lè ní gírámà.

Ẹ̀rí kẹta ni ó dun èmi jù, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ẹbí ni èdè Gbagyi àti èdè Yorùbá. Gbagyi, Nupe àti Ebira wà ní ẹ̀ka kan. Yorùbá, Igala àti Itsekiri wà ní ẹ̀ka kan. Àwọn ẹ̀ka méjèèjì sì jáde láti ara igi kan náà, èyí tí a ń pè ní Benue-Congo. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ ń fi àmì sí nínú Yorùbá, Gbagyi náà ń lò wọ́n. Haúsá kò sí nínú ẹbí yìí rárá. Èdè Lárúbáwá àti èdè Íjíbítì àtijọ́ ni ìbátan tirẹ̀. Síbẹ̀, kí ni àwa ń pe ará Gbagyi? Gàm̀bàrí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wá láti òkè ọya, Gàm̀bàrí ni lẹ́nu wa. A gbé orúkọ ẹ̀yà kan wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà, lẹ́yìn náà ni a wá ń bínú nígbà tí àlejò kan bá pe Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Èkìtì ní ohun kan náà. Ìbátan wa ni a sọ nù, a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó sọnù.

Ohun tí ẹjọ́ Olúwa kọ́ wa

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ pé a kò mọ òfin tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwa ni a ja ìjà rẹ̀ tí a sì borí. Ní ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Apápá. Amodu Tijani, tí í ṣe Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹjọ, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun. Ìjọba dáhùn pé ẹ̀tọ́ tí Olúwa ní kò ju pé kí ó máa bójú tó ilẹ̀ kí ó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ onílẹ̀ pátápátá kọ́ ni. Olúwa kò gbà. Ní ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dájọ́ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ará ìlú, pé àdéhùn tí ọba ṣe kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì san owó náà gẹ́gẹ́ bí owó ẹni tí ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjọba lè yí padà, àsíá lè yí padà, kí onílẹ̀ ṣì jẹ́ onílẹ̀. Ohun tí a fi borí nìyẹn, òun náà ni a sì fi ń yangàn di òní. Àbí òfin tí ó dára fún Apápá kò dára fún Wuse? Lónìí, ọ̀nà ńlá kan wà ní Àbújá tí wọ́n ń pè ní Herbert Macaulay Way, ó sì gba àárín Wuse kọjá. Ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níbẹ̀, ti Ládòkè Akíntọ́lá wà níbẹ̀. Ní Maitama, odò ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà: Mississippi, Amazon, Danube, Nile. Ẹni tí ó bá onílẹ̀ Apápá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà lórí ilẹ̀ tí a gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ mìíràn. Bí òkú bá ń sọ̀rọ̀, mo rò pé Macaulay ìbá bi wá ní ìbéèrè.

Bí ó bá jẹ́ Ìbàràpá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ wá sí ilé mi. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí. Orúkọ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "igbó". Bí ẹni tí kò mọ̀ wá bá ka orúkọ náà lórí àwòrán ilẹ̀, ó lè rò pé igbó lásán ni. Bí ó bá sì gba inú ọkọ̀ òfuurufú wo ilẹ̀ tí ó wà láàárín Igbó-Ọrà sí Ìdèrè, tàbí láti ibẹ̀ dé Tápà, ọ̀dàn ni yóò rí, pẹ̀lú òkúta ńláńlá níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ibí ṣófo, pé ó sún mọ́ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, pé ó dára fún ìlú ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ èyíkéyìí ní Ìsàlẹ̀-Ọba tàbí ní Ìdófin. Yóò sọ ẹni tí ó ni ọ̀dàn yẹn, bàbá ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán an, ibi tí ààlà rẹ̀ wà, igi tí wọ́n fi ṣe àmì ààlà, àti ọdún tí wọ́n yóò tún dá oko síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ó sinmi kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣófo. Àlejò wà lórí ilẹ̀ wa, wọ́n ń dá oko, wọ́n ń bímọ, a kò lé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn mọ ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èdè wa pàápàá kò gba irọ́ yìí láàyè. Yorùbá ní ẹgàn, ó ní ọ̀dàn, ó ní akùrọ̀, ó ní ahoro, ó ní ilẹ̀ ẹbí. Ẹgàn ni igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi àdá kàn, síbẹ̀ àwọn ọdẹ mọ ìlú tí ó ni í. Ahoro ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò, síbẹ̀ orúkọ wọn kò ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹ wá gbogbo inú èdè yìí, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń pe ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Gbólóhùn gígùn ni a fi ń sọ ọ́, nítorí pé èrò àjèjì ni a ń túmọ̀. Àwọn bàbá wa gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè, àti ti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Níbo ni ènìyàn yóò ti rí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́ta yìí?

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ènìyàn ń pe Igbó-Ọrà ní olú-ìlú ìbejì àgbáyé. Kò sí òfin ológun kankan tí ó fi wá jẹ olú-ìlú yẹn. Àwọn ìyá wa ni wọ́n bí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí ó sọ pé nítorí ìbejì gbogbo ayé ni, kí àwa má ṣe ní ìlú wa mọ́. Ìlú lè jẹ́ ti gbogbo ayé kí ó ṣì ní onílé.

Ìjọba tí onílẹ̀ kò dìbò fún

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sórí ahọ́n nìkan. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso olú-ìlú náà. Ìwé Òfin ọdún 1999, ní abala 297, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní Agbègbè Olú-Ìlú. Abala 299 ní kí a máa ṣe é bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò ní gómìnà, kò sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀; Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ni ó ń ṣòfin fún un. Mínísítà tí ààrẹ yàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí gómìnà ń ṣe níbòmíràn. Àwọn ará ibẹ̀ ń dìbò yan alága kánsù mẹ́fà: Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti kánsù àárín ìlú Àbújá. Wọ́n ní sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojú méjì. Lórí ilẹ̀ wọn, lórí ilé wọn tí katakata lè wó, ẹni tí wọn kò dìbò yàn ni ó ní àṣẹ.

Ẹ má sì ṣe sọ pé "wọ́n" ni ó ṣe é. Ọmọ Yorùbá ni alága ìgbìmọ̀ tí ó yan ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni olórí ìjọba tí ó bá iṣẹ́ náà lọ láti ọdún 1976 sí 1979. Mínísítà àkọ́kọ́ fún olú-ìlú tuntun, Mọbọ́lájí Ajose-Adeogun, ọmọ Yorùbá ni. Abala 55 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé ní ilé aṣòfin, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, a lè lo Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá bí ètò bá ti tó. Orúkọ èdè wa wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ lò ó. Èdè ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ilé aṣòfin náà dúró lé kò sí níbẹ̀. Ní Àbújá, àwa kì í ṣe ẹni tí a rẹ́ jẹ. A wà lára àwọn "ńlá" inú gbólóhùn yẹn, ọwọ́ wa sì wà nínú àwo.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n yọ ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ti ṣe àtúnṣe. Àwọn ará Washington bẹ̀rẹ̀ sí dìbò yan olórí ìlú wọn ní ọdún 1974. Àwọn ará Canberra ní Ọsirélíà yan ilé aṣòfin tiwọn ní ọdún 1989. Àwọn ará Brasília dìbò yan gómìnà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1990. Kò sí èyí tí ó wó nínú àwọn olú-ìlú náà nítorí ìbò. Àwa nìkan ni a ṣì ń bẹ̀rù pé bí ará Gbagyi bá dìbò yan olórí, orílẹ̀-èdè yóò tú ká.

Èsì fún àwọn tí yóò takò mí

Àwọn kan yóò ní wọ́n san owó gbà-má-bínú fún wọn. Owó ohun ọ̀gbìn àti owó ilé yàtọ̀ sí owó ilẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni Olúwa torí rẹ̀ la òkun kọjá. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Èwo ni iye tí ènìyàn gbọdọ̀ pé kí ó tó jẹ́ onílẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èrò ni ó ń sọni di onílẹ̀, ẹ ṣọ́ra, nítorí àwọn tí ń sọ pé Èkó kò ní onílẹ̀, iye àlejò tí ó wà ní Èkó ni wọ́n fi ń gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá gba òṣùwọ̀n náà ní Àbújá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tí yóò fi wọn Èkó.

Àwọn kẹta yóò ní olú-ìlú gbọdọ̀ jẹ́ ti gbogbo wa. Òótọ́ ni. N kò sọ pé kí a dá olú-ìlú padà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kẹ́rù. Gẹ́gẹ́ bí n kò ti gbà pé kí a lé ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Haúsá kúrò ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pé kí a lé Yorùbá kúrò ní Gwarinpa. Mímọ onílẹ̀ kì í ṣe lílé àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó sọ pé ilé tí wọ́n gbà á sí kò ní onílé, ìwà rẹ̀ kò dára, ì báà jẹ́ Èkó ni ó ti sọ ọ́, ì báà jẹ́ Àbújá.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ mọ́ pé Àbújá jẹ́ ilẹ̀ Haúsá tàbí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ Gbagyi àti àwọn aládùúgbò wọn ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ẹ ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ dìde lọ sí Kwali àti Kuje, ẹ lọ gba ìtumọ̀ orúkọ àwọn abúlé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó kí wọ́n tó kọjá lọ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i bí ẹ ti ń fi sí tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn aṣòfin wa sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí àwọn ará olú-ìlú dìbò yan ẹni tí yóò máa ṣàkóso wọn. Nígbà tí ẹ bá sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Yorùbá pé Àbújá kò ní onílẹ̀, ẹ má ṣe dákẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Èkó ní onílẹ̀. Àbújá náà ní onílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ èkejì, kí ó má ṣe retí pé kí ayé gba àkọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.